Omi Ọ̀ṣun: Oníṣẹ́ ọnà ti ṣe tiwọn, ìjọba ńkọ́?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, Òṣogbo ni gbogbo ọ̀nà ń kọjú sí. Àwọn èrò ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n ń ti Èkó wá, àwọn mìíràn ń ti Bìní, Brazil àti Kúbà wá. Arugbá yóò gbé igbá, yóò mórí lé odò, ogunlọ́gọ̀ èèyàn yóò sì wọ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá ìwòsàn àti ẹni tó kàn fẹ́ dúpẹ́ yóò bu omi Ọ̀ṣun mu, wọn yóò sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ fún àwọn tó wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn aráàlú pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Odò ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi po amọ̀ ilé. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyẹn 2021, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Urban Alert, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Òṣogbo, ti bu omi yìí lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé òjé àti mẹ́kúrì tó wà nínú rẹ̀ fi púpọ̀púpọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fàyè gbà lọ. Àwọn kan gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Nínú àwọn tó gbọ́ pàápàá, àwọn kan ṣì bu omi mu. Kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá àgbà tó ti ń mu omi kan láti ogójì ọdún kò ní torí bébà kan tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba buwọ́ lù kó dà á nù.

Ìtàn Òṣogbo kò ṣeé sọ láìsọ ti omi. Ọ̀dá ló lé Lárọ̀óyè, Tìmẹ́yìn àtàwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpolé. Omi ni wọ́n ń wá kiri kí wọ́n tó kan odò Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí wọ́n gé igi kan tó wó sínú odò, ohùn kan ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣètùtù, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú pé àwọn yóò máa tọ́jú odò, kí òun náà máa tọ́jú àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá ti dáko létídò rí mọ ohun tí ìtàn náà ń sọ. Bí igbó etídò bá ti lọ, omi náà kì í pẹ́ kó tó tẹ̀lé e.

Májẹ̀mú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Nígbà náà, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan nínú igbó Ọ̀ṣun, wọ́n fẹ́ gbin igi tíìkì síbẹ̀. Àwọn ọdẹ ń wọ ibẹ̀ ṣọdẹ, àwọn apẹja ń pẹja níbi tí wọn kì í ti í pẹja, àwọn olè ń kó ère, ojúbọ sì ń wó lulẹ̀. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ láti tà á ti ń fojú wọn ibẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n bí ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria lọ́dún 1915, Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló bá àwọn aráàlú pawọ́ pọ̀ láti gba igbó náà sílẹ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò jáde ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Kàsálí Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí sì ń gbẹ́ òkúta. Amọ̀, irin àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ère gàgàrà sáàárín igbó, wọ́n tún àwọn ojúbọ ṣe, wọ́n sì mọ odi onífínfín yí i ká. Nígbà tí ẹni tó ní àáké lọ́wọ́ bá kan Ìyá Mọọpó tó nawọ́ sókè bí ilé alájà, àáké náà á rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìní orílẹ̀-èdè tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO fi í sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ìyẹn bí éékà 185, ó sì wà létí ìlú ńlá tí ilé ti gbà káàkiri. Irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ tó 400, èyí tó lé ní 200 nínú wọn ló sì jẹ́ egbòogi. Nígbà tí màmá náà jáde láyé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93, ó fi igbó sílẹ̀ fún Òṣogbo nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ti jẹ igbó tiwọn tán. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọnà ṣe lè tọ́jú àyíká, kò pọn dandan kí wọ́n wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti wọ́ ni pé odi lè dáàbò bo igi, kò lè dáàbò bo omi. Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó ti gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ibi tí arugbá ti ń pàdé rẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ni wúrà wà. Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ń gbẹ́ etídò, wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sómi, wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí wúrà lè jókòó sísàlẹ̀. Gbogbo ẹrẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kúrò, odò ló ń gbé e lọ. Mẹ́kúrì ni irin olómi tí àwọn awakùsà ń lò láti ṣa wúrà kéékèèké jọ. Bí wúrà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, wọn á yan án lórí iná kí mẹ́kúrì lè fẹ́ lọ. Ẹni tó ń yan án ló ń kọ́kọ́ fa oró náà símú, ìyókù yóò bọ́ sílẹ̀ àti sómi, ẹja yóò jẹ ẹ́, èèyàn yóò sì jẹ ẹja.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé tó wà létí odò yìí mọ̀, nítorí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí èèyàn bá se omi, kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ yóò kú, kò sí àníàní nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe kòkòrò, iná kò lè pa á. Bí omi bá ṣe ń hó tó ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni òjé tó wà nínú èyí tó kù ń ki sí i. Áláàmù tí wọ́n ń fi sómi kó lè tòrò yóò mú ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ojú yóò sì rí omi tó mọ́, ṣùgbọ́n kò dájú pé oró náà ti kúrò. Àwọn ọmọdé ni òjé ń bá jà jù, nítorí ọpọlọ wọn ni ó ń bà jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Òkúta wúrà tó ní òjé nínú ni àwọn ará abúlé ń lọ̀ láàárín agbo ilé. Ó lé ní 400 ọmọdé tó bá a lọ.

Kí àwọn tí kì í ṣẹ̀sìn Ọ̀ṣun má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Odò yìí kan náà ni wọ́n dí ní Aṣéjìrẹ́, ibẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ ti ń lọ sí Ìbàdàn. Mùsùlùmí ń mu ún, Kìrìsítẹ́nì ń mu ún. Àgbẹ̀ tó ń fi omi rin ẹ̀fọ́ àti tòmátò létídò ń kó o lọ sọ́jà. Òjé kì í béèrè ẹ̀sìn.

Ta ló wá yẹ kó ṣe é? Bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọn á ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì, àwọn kọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin wí. Bí èèyàn bá dé Àbújá, wọn á ní ìpínlẹ̀ ló mọ ilẹ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n kò sí awakùsà tó lè gbé ẹ̀rọ wọ oko láìjẹ́ pé ẹnì kan fi oko náà hàn án. Àwọn olórí ẹbí, àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ara wọn. Láti máa mú àwọn ọ̀dọ́ tí ebi lé wọ inú kòtò, kí wọ́n máa yà wọ́n ní fọ́tò fún ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì fi ẹni tó gbowó ilẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn kò lè mú omi mọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ohun táwọn onímọ̀ rí nínú ìgò àyẹ̀wò kò tíì dé etí ẹni tó ń mu omi ní èdè tó gbọ́. Yunifásítì kò wọ́n lágbègbè yìí. Unifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo gan-an, OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀, LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ nípa odò yìí kò kéré, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ wọn ló sì ń kà á. Lọ́wọ́ kejì, Òṣogbo kún fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá aráyé sọ̀rọ̀. Àwọn alárè, àwọn agbẹ́gilére, àwọn akéwì, àwọn òṣèré tí wọ́n jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ilé Mbari Mbayo tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń gbé inú ìlú kan náà, wọn kì í jókòó pọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n jókòó pọ̀, ó sì yọrí sí rere. Àwọn àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí kò gbàgbé sòbìà. Ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, iye èèyàn tí sòbìà ń yọ lára wọn ní Nàìjíríà lọ́dún kan lé ní 650,000. Ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn aráàlú jókòó, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn kan gbà pé iṣan inú ara ni sòbìà, wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò bí i mọ́ ara. Wọn kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó wà nínú omi, àwọn télọ̀ inú ìlú sì rán aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kì í ṣe pé wọ́n kó o ti òkè òkun wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n lọ́dún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Odò Ọ̀ṣun nílò irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ kò tilẹ̀ le tó bí àwọn kan ṣe rò. Lọ́dún 1865, àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, so àwo funfun mọ́ okùn, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ojú rẹ̀ kò fi rí i mọ́. Bí àwo náà bá ti ń jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe mọ́ tó. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń lò ó. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é láti orí afárá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí alárè sì máa fi àwọ̀ tí omi ní lọ́sẹ̀ náà kun ògiri ilé ìwé, kí gbogbo àdúgbò rí i bí ó ṣe ń pọ́n tàbí bí ó ṣe ń mọ́. Òótọ́ ni pé àwo kò lè rí òjé. Ti òjé, ẹ̀rọ ló lè wọ̀n ọ́n, ó sì ń náni lówó. Ìyẹn ni ti yunifásítì àti ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọn omi yóò béèrè iye tí ẹ̀rọ kà, kò sì ní gbà kí wọ́n fi í pa mọ́ fún òun.

Àwọn agbẹ́gilére àti alárè Òṣogbo ní ìdí tiwọn náà láti dìde. Àlejò tó ń wá wo odò ló ń ra ọjà wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ti ìlú òyìnbó wá wo ẹrẹ̀. Àwọn ìyá olórìṣà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà nídìí ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n wá pè wọ́n jó. Bí Ìyá Ọ̀ṣun bá sọ pé kí wọ́n fi omi náà wọ́n orí, kí wọ́n má gbé e mì títí yóò fi mọ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ka ìkìlọ̀ ìjọba yóò gbọ́.

Kí arugbá tó tún gbé igbá, ó yẹ kí pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà igbó, níbi tí gbogbo èrò ń gbà wọlé. Kí wọ́n kọ iye òjé àti mẹ́kúrì tó wà nínú omi náà síbẹ̀, àti iye tí kò yẹ kó kọjá, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó èyí tí arúgbó lè kà láìlo awò.