Ta Ni Ń Pe Ajórin Ní Òpè?
Ó dùn wá púpọ̀ láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pé iṣẹ́ òpè ni iṣẹ́ ajórin. Ẹ̀yin ìjòyè, kì í ha ṣe ìmọ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń fẹ́ná sí irin, tí wọ́n sì ń fi ọmọ owú lù ú pọ̀ di ọ̀kan? Oscar Kjellberg, tí ó dá ilé-iṣẹ́ ESAB sílẹ̀ ní Sweden ní 1904, ni ó fi èròjà bo ọ̀pá ìjórin kí afẹ́fẹ́ má bàa ba irin yíyọ́ jẹ́. Iṣẹ́ òpè ha ni èyí? Síbẹ̀, awò òòrùn lásán ni àwọn ọmọ wa fi ń wo iná tí ń ba ojú jẹ́. Ẹ má gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá tí kò fún ọmọṣẹ́ ní ìbòjú. Ẹni tí ó bá sì kẹ́gàn ajórin, kí ó kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn irin ilé rẹ̀.