Ẹ Ta Mọ́tò, Ẹ Ra Kẹ̀kẹ́

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lónìí. Ẹ yéé bú ará Èkó pé ọkàn ẹ̀ ti yigbì, pé kò láàánú mọ́. Àánú wà nínú ẹni tẹ́ ẹ ń bú yẹn. Àyè ni ò ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò oore gan-an lẹ sọ oore di iṣẹ́ àṣelàágùn. Mo máa ṣàlàyé. Ó gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù. 🧵

2/ Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù l'Ápápá. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ti jí. Trélà á jẹ wákàtí méjì nínú ayé ẹ̀ kó tó débi iṣẹ́. Lálẹ́, trélà kan náà ló tún máa pàdé. Á dé Ajégúnlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, iná ò sí, omi ò sí. Ẹ wá ní kó wá sí ìpàdé wákàtí mẹ́ta ní Sátidé, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ran aládùúgbò lọ́wọ́.

3/ Tó bá wá, ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin. Fótò pásípọ́ọ̀tù méjì. "A máa pè yín." Ẹnì kankan ò pè é. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn. Ó ga o!

4/ Àwọn àgbà wa ò ṣe báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó ní oko ńlá tó fẹ́ ro á bẹ ọ̀wẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ ọjọ́, wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n mọ ìgbà tó máa parí. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á wá oúnjẹ, á wá ẹmu. Orin á máa lọ, àwọn géńdé á máa bára wọn díje. Tó bá dalẹ́, iṣẹ́ ti parí, ikùn ti kún, wọ́n ti rẹ́rìn-ín.

5/ Ṣé ẹnì kan wá dìde pé torí iyán ni wọ́n ṣe wá, pé oore yẹn kì í ṣe oore? Rárá. Àárò náà ńkọ́? Lónìí a ro tèmi, lọ́la a ro tìẹ. Kò sí ìwàásù ńbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kálukú níṣẹ́ tiẹ̀, wọ́n wá ṣètò ìrànlọ́wọ́ tí ò ní pa iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lára.

6/ Àwọn ológun dé, wọ́n ní pàṣán ló máa kọ́ wa níwà. War Against Indiscipline, 1984. Ibẹ̀ ni Sátidé ìmọ́tótó ti bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni: aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, má jáde, gbálẹ̀. Oṣù kọkànlá 2016 ni ìjọba Èkó tó fagi lé kónílé-ó-gbélé yẹn.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a láyé, kí lẹ rántí nínú ẹ̀? Ẹ má purọ́. Oorun. Àti bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá lójú títì tó dá. Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n kó látinú gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà ni wọ́n kó o sí, òjò á sì dá a padà. Ìbẹ̀rù lè mú èèyàn jókòó sílé. Kò lè mú un fẹ́ràn ìmọ́tótó.

8/ Ó yá, ẹ wo Ajégúnlẹ̀. Ike àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà dí gọ́tà pa, òjò rọ̀, omi wọ yàrá. Nínú yàrá kan náà yẹn, ọmọ kan wà nílé torí owó iléèwé. Ìṣòro méjì, ìyá kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò yẹn, Morit International School, pẹ̀lú African Cleanup Initiative, wá so méjèèjì pọ̀: ẹ kó ike wá, a máa wọ̀n ọ́n, a máa yọ iye ẹ̀ kúrò nínú owó iléèwé ọmọ yín. Nígbà tó fi máa di 2019, àwọn oníròyìn òkèèrè ti ń wá wò ó.

9/ Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Ìyá yẹn ò lọ sí sẹ́mínà. Ọjà tó ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lọ. Ike wà lójú ọ̀nà ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iléèwé tó ń mú ọmọ lọ tẹ́lẹ̀ náà ló gbé e lọ. Wọn ò fi ìrìn kan kún ìrìn ẹ̀. Ó sì fi ojú ara ẹ̀ rí ohun tí ìwọ̀n sọ.

10/ Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ibí: "Ṣé ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ tọrọ ìwé lọ́wọ́ ààtàn ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò ní fi ṣeré. Òfin UBE ti 2004 ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ike ò gbọ́dọ̀ di àwáwí fún ìjọba kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nílé lónìí, ta ló máa bá a dá ọdún tó ń lọ yìí padà? Ẹ máa fi ẹnu béèrè ẹ̀tọ́, kí ọwọ́ má dẹ ike.

11/ Ṣáájú ìyẹn, ní 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola, tó lọ kàwé ní MIT l'Amẹ́ríkà, ti dá Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wá bá òun ní ọ́fíìsì. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbẹ́rù ló rán lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn. Wọ́n á wọn ike ẹ, máàkì ẹ á wọlé sórí fóònù, tó bá pọ̀, wàá fi gba nǹkan ilé. Ní 2019 wọ́n gba ẹ̀bùn King Baudouin lórí ẹ̀.

12/ Kẹ̀kẹ́! Ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí rí, abí? "Orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́." Ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ tún un rò. Mọ́tò ò lè wọ kọ̀rọ̀ táwọn ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Kẹ̀kẹ́ á dé iwájú àtẹ. Á dé, á gba owó, á kọjá lọ. Kò ní kí ìyá aláta pa ìsọ̀ tì kó lọ tò ní báńkì, kò sì bú u pé kò mọ owó tọ́jú.

13/ Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ aláàánú, ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin CDA: mọ́tò lẹ ṣì ń wà. Ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì, T-shirt, bánà ńlá, ọ̀rọ̀ ìkíni wákàtí kan. Ajégúnlẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì sí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ ta mọ́tò.

14/ Kí ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ orí fóònù ò lè ṣe nǹkan gidi. Oṣù kẹwàá 2020, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí àwọn èèyàn rán sí Feminist Coalition lé ní ₦147 mílíọ̀nù. Inú ń bí wa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kì í rán owó. Ó rọrùn láti fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń gbé ìṣirò síta. Ẹni tó fi ₦1,000 sílẹ̀ mọ̀ pé omi, oúnjẹ àti owó ìtọ́jú ló ń lọ.

15/ "Àmọ́ oore tó bá rọrùn ò níye lórí." Lójú ta ni? Ẹni tébi ń pa ò ní kọ́kọ́ wò ó bóyá o làágùn kó tó gba oúnjẹ. Ìwọ tó o fẹ́ kí oore ni ọ́ lára kó tó jẹ́ oore, orúkọ ara ẹ lò ń wá.

16/ Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Adùn tí mò ń sọ kì í ṣe ti kámẹ́rà. Kóńgò ìrẹsì márùn-ún, kámẹ́rà mẹ́ta, ìyá arúgbó lórí ìkúnlẹ̀, orin ìbànújẹ́ nísàlẹ̀ fídíò. Ìtìjú ẹlòmíì lo fi ń jayé yẹn. Níbi ọ̀wẹ̀, ẹni tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ ló ń bọ́ àwọn tó wá. Kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà ń lọ sí ti ẹlòmíì lọ́jọ́ mìíì.

17/ Torí náà, tó o bá fẹ́ ṣètò oore kan, kọ́kọ́ dáhùn mẹ́rin yìí:
Ṣé ó wà lójú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tẹ́lẹ̀?
Ṣé ó lè parí ẹ̀ kó tó jẹ búrẹ́dì ẹ̀ tán?
Ṣé ó máa rí ibi tó já sí?
Ṣé ẹ̀rín máa wà ńbẹ̀?
Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ rárá, má bú ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá wá.

18/ Àpẹẹrẹ: àpò àti ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta píọ́ wọ́tà ní Boundary, kó máa gba owó díẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Alájọ àdúgbò tó ń gba ₦50 lé owó àjọ, fún gọ́tà òpópónà kan ṣoṣo, tó sì lẹ ìṣirò mọ́ ògiri. Bọ́ọ̀lù Sunday ní Maracana, tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé: ike mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ní Ajégúnlẹ̀! Ike máa wọ́n.

19/ Òjò ń bọ̀, gọ́tà ò ní dúró de ìpàdé yín. Ẹ kọ ọ̀kan sábẹ́ ibí: oore kan ládùúgbò yín tí èèyàn lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láì yà kúrò lọ́nà ẹ̀. Ẹ má kọ ìwàásù o. Ẹ kọ ibi tó wà, ọjọ́ tó jẹ́, àti ohun tí kálukú máa mú wá.