Ìwé Ta Ni Ẹ Fi Wé Àkàrà?

Mo ra àkàrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé tí wọ́n fi wé e, fọ́ọ̀mù báńkì ni! Orúkọ, àdírẹ́sì, BVN, gbogbo nọ́ńbà 11 pé pérépéré, fọ́tò obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ epo. Gbájú-ẹ̀ tó bá rí i, ṣé kò ní pè é bí òṣìṣẹ́ báńkì?

Ẹ máa ní, “Èmi a máa fa tèmi ya.” Kò tó o! Lọ́dún 1979, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, ní Iran, ẹ̀rọ ti gé ìwé àṣírí ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pè. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n tò ó padà. Ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mà ni o!

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní fi ń gé e ní ìbú àti òró. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ, kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó pò ó bí ẹ̀bà, tàbí kó sun ún.

Fọ́ọ̀mù obìnrin yẹn ńkọ́? Mo dá a padà sídìí àdògán ìyá alákàrà. Ojú mi ló ṣe jóná.