Ta ló ń rí ibi tí o wà?

Kò pọn dandan mọ́ kí ọmọ tó wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ padà sí Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó pe ìyá rẹ̀ pé òun ti gúnlẹ̀. Áàpù bíi Life360 á bá a jíṣẹ́. Màmá á ti fa ìlà róbótó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká lórí máàpù. Bí fóònù ọmọ bá ti wọnú ẹ̀, tirẹ̀ á dún ní Àkúrẹ́.

Pẹ̀lú bí ajínigbé ṣe ń dààmú àwọn arìnrìn-àjò, mi ò ní bú òbí kankan. Ṣùgbọ́n fóònù ni áàpù sọ pé ó dé o, kò sọ pé ọmọ dé. Google fúnra rẹ̀ gba àwọn tó ń ṣe áàpù Android nímọ̀ràn pé láti àárín róbótó náà sí etí rẹ̀, kó tó mítà 100 sí 150, torí fóònù kì í fi gbogbo ìgbà mọ ibi tó wà gẹ́lẹ́. Lágbègbè Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ẹ wo iye ṣọ́ọ̀bù àti ilé onílé tíyẹn máa kó pọ̀! Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tún lọ, "ó ti dé" lè pẹ́ kó tó wọlé. Kí màmá ṣì pè, jàre.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ti olólùfẹ́. Lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 lo máa yàn. Tó bá pé, ó parí nìyẹn. Google Maps ní tiẹ̀ lè máa bá a lọ títí wàá fi fọwọ́ ara rẹ pa á. Ìfẹ́ lè ti tán látọjọ́ pípẹ́, kí fóònù rẹ ṣì máa ṣòfófó ìgbà tó o kúrò ní Alágbàká àti ìgbà tó o wọ FUTA.

Iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà ńkọ́? Ní 2021, ìwé ìròyìn The Markup l'Amẹ́ríkà tú u síta pé Life360 ń ta ìròyìn ibi táwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà 2023 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé o ò gbà mọ́. Àmọ́ òfin ọ̀hún yọ ohun téèyàn ń fi dátà ṣe láàárín ara wọn nínú ilé sílẹ̀, tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú. Má retí pé ìjọba ló máa bá ọ yọ ọ̀rẹ́kùnrin àná kúrò.

Ṣí Google Maps rẹ lónìí, tẹ àwòrán rẹ lókè, kó o wo "Location sharing". Orúkọ tó bá yà ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, yọ ọ́.