Íńdíà: Iye èèyàn ló ń sọ abúlé tí ọ̀nà máa dé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Íńdíà kéde pé àwọn máa ka iye èèyàn orílẹ̀-èdè náà, ọdún 2027 ni wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sí. Ọdún 2011 ni wọ́n ti kà wọ́n gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí wọ́n tún kà wọ́n ní 2021, àrùn Kòrónà ló kọ́kọ́ dá a dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sún un síwájú. Ní ìlú ńlá, àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni àwọn olóṣèlú ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Ní abúlé, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2000, nígbà tí Atal Bihari Vajpayee jẹ́ olórí ìjọba, Íńdíà dá ètò ọ̀nà abúlé kan sílẹ̀, Pradhan Mantri Gram Sadak Yojana. Nígbà náà, ìletò tó lé ní 300,000 ni kò ní ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lójò lẹ́ẹ̀rùn. Owó kò lè tó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n bá fi iye èèyàn ṣe òdiwọ̀n: ìletò tó bá ní 1,000 èèyàn ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni tí 500. Ní ilẹ̀ olókè, ní aṣálẹ̀ àti ní àgbègbè àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀, 250 ti tó. Ìwé ìkànìyàn 2001 ni wọ́n ń wò.

Òdiwọ̀n náà dára lójú mi, torí kò jẹ́ kí ọ̀nà máa lọ sí abúlé àna mínísítà nìkan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú ìletò kan tí wọ́n bá èèyàn 480 nínú rẹ̀. Ogún èèyàn péré ló kù. Tí òjò bá dé, wọ́n á gbé aboyún sórí ibùsùn olókùn, ọkùnrin mẹ́rin á gbé e léjìká gba inú ẹrẹ̀ títí dé ibi tí ọkọ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ á gba Mumbai, Delhi tàbí Surat lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Íńdíà, ẹni tí kò bá sí nílé ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń ka èèyàn, wọn kì í kà á mọ́ ará ilé. Àìsí ọ̀nà ló lé wọn lọ. Lílọ wọn ló sì tún ń dín iye tí ìbá mú ọ̀nà wá kù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba fọwọ́ sí ìpele kẹrin ètò náà: ọ̀nà 62,500 kìlómítà fún ìletò 25,000, tí wọn yóò ṣe títí di 2029. Ìwé ìkànìyàn 2011 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé yẹn ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ọ̀nà.

Bí ọ̀nà bá wá dé ńkọ́? Onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Sam Asher àti Paul Novosad, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2020. Wọ́n fi àwọn abúlé tó fi díẹ̀ kọjá òdiwọ̀n wé àwọn tó fi díẹ̀ kù. Wọ́n rí i pé níbi tí ọ̀nà dé, àwọn èèyàn ń fi oko sílẹ̀ lọ gba iṣẹ́ owó, àmọ́ irè oko àti dúkìá ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ètò náà ń ṣe ọ̀nà, kò ra ọkọ̀. Awakọ̀ náà ní tirẹ̀ ń ka orí: bí èrò kò bá kún jíìpù, kò ní gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó láti ìdájí de èrò kí ọkọ̀ ọjà Kétu tó kún, tí tòmátì yín ń rọ̀ nínú agbọ̀n, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó yẹ ká máa wò ní 2027 ni bóyá ìjọba á fi iye tuntun tún òdiwọ̀n yẹn ṣe, àbí ìletò tí kò tó 500 ní 2011, tó ti kọjá bẹ́ẹ̀ báyìí, á tún máa dúró de ìpele karùn-ún.