Ìkéde Ìjọba Amúnisìn ní Atakpamé: Ta Ni Wọ́n Ń Kéde Fún?

Ìwé ìkéde ìjọba ni ìwé tí ìjọba fi ń sọ òfin, àṣẹ, owó orí, ìyànsípò òṣìṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di mímọ̀, àti pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ inú rẹ̀ ni òfin ti gbà pé gbogbo ará ìlú ti gbọ́. Ní Togo, méjì nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpìtàn ń lò jù: Amtsblatt, tí ìjọba Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Lomé ní ọdún 1906, àti Journal Officiel, tí ìjọba Faransé ń tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìwé méjèèjì wúlò púpọ̀, nítorí pé ọjọ́, nọ́ńbà àti orúkọ aláṣẹ wà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá tìtorí pé àṣẹ kan wà nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará Atakpamé gbọ́ àṣẹ náà ti ṣìnà. Ohun tí ìwé wọ̀nyí jẹ́rìí sí ni ọ̀rọ̀ tí ìjọba sọ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Berlin, ní Paris àti ní Geneva. Nínú ọ̀rọ̀ náà, apá kan ṣoṣo ni ètò wà fún láti dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ìyẹn apá tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Apá tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ kò kúrò lórí bébà.

Atakpamé jẹ́ ìlú àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àná, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Yorùbá tí ó jìnnà jù sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n tẹ̀dó sáàárín òkè ní àdúgbò Gnagna, Djama àti Woudou. Èdè Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé, Ewe sì ni wọ́n fi ń bá ọ̀pọ̀ aládùúgbò wọn ná ọjà. Nígbà tí Gustav Nachtigal gba ìwé àdéhùn ní Baguida, létí òkun, ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, tí ó sì kéde pé ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ ààbò Jámánì, kò sí ẹnikẹ́ni láti Atakpamé níbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà kí ìjọba Jámánì tó kọ́ ibùdó sí ìlú náà. Ìkéde àkọ́kọ́ tí ó sọ wọ́n di ọmọ abẹ́ ìjọba kan jẹ́ ìkéde tí wọn kò sí níbi tí a ti ṣe é.

Àpẹẹrẹ pọ̀ ní ìgbà Jámánì tí ó fi hàn bí àṣẹ ṣe ń dé tí ẹ̀tọ́ kì í sì í dé. Òfin tí olórí ìjọba Jámánì fọwọ́ sí ní ọdún 1896 fún Togo, Cameroon àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà gbà kí a máa na ará ilẹ̀ ní pàṣán, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i pé kò gbọdọ̀ ju 25 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìtàn tí àwọn ará Togo ń sọ láti ẹnu dé ẹnu títí di òní, pàṣán 25 ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n á sì tún fi ẹyọ kan lé e fún Kaiser, ìyẹn ọba Jámánì. Ààlà náà wà nínú òfin, ẹyọ tí ó lé lórí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ènìyàn. Bákan náà ni òfin owó orí ọdún 1907, tí ó ní kí ọkùnrin tí ó ti tó iṣẹ́ ṣe máa fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, tàbí kí ó san máàkì 6 dípò rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ ni akéde níláti pariwo kí ènìyàn tó lè jáde. Bóyá ẹnìkan mọ̀ pé owó lè rọ́pò iṣẹ́, àti iye tí owó náà jẹ́ gan-an, ọwọ́ ògbufọ̀ àti ìwà rẹ̀ ni ìyẹn wà.

Ìwé ìjọba kọ́ ni ó sì tú àṣírí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Atakpamé fún àwọn ará Jámánì. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Steyl fẹ̀sùn kan Geo A. Schmidt, olórí ibùdó Jámánì ní ìlú náà, pé ó hùwà ìkà sí ará ìlú, ó sì hùwà àìtọ́ sí ọmọdébìnrin. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 1903 ìjọba ti àwọn àlùfáà mọ́lé. Lẹ́tà àwọn àlùfáà ni ó gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun, títí tí aṣòfin Hermann Roeren fi gbé e síwájú ilé aṣòfin ní Berlin ní oṣù kejìlá ọdún 1906. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí Atakpamé ṣe rí ní ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀sùn ni kí ó kọ́kọ́ kà kí ó tó ka ìkéde.

Ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà wà ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, níbi tí àwọn Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ní ọdún 1911, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin láti Lomé dé Agbonou ní ìsàlẹ̀ ìlú. Láti Kamina, ọ̀rọ̀ ń lọ tààrà sí Nauen lẹ́bàá Berlin, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5000. Nígbà tí ogun dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ìròyìn gba orí igi irin Kamina kọjá, títí tí àwọn Jámánì fúnra wọn fi ba ibẹ̀ jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, tí wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26. Ìjọba tí ó lè bá Berlin sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé Atakpamé kò kọ ìwé òfin kan ní èdè Ifẹ̀ fún àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà. Agbára láti sọ̀rọ̀ kò wọ́n ìjọba amúnisìn, ẹni tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ó ti yàn.

Lábẹ́ Faransé, Togo di ilẹ̀ mándà ní ọdún 1922, ìyẹn ilẹ̀ tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi sí ìkáwọ́ ìjọba kan kí ó máa bójú tó o, kí ó sì máa jábọ̀ lọ́dọọdún fún ìgbìmọ̀ kan ní Geneva. Àṣẹ tí Kọmísánà bá pa ní Lomé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn òfin tí ó gbé e ró, èyí tí a ń rí jù nínú wọn sì ni òfin ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1921 tí ó la iṣẹ́ àti agbára Kọmísánà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abala òfin á tò tẹ̀ léra, abala ìkẹyìn á sì ní kí a kọ àṣẹ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí a sì fi tó ènìyàn létí níbikíbi tí ó bá yẹ. Abala kúkúrú yìí ni ó yẹ kí olùkàwé dúró lé lórí, nítorí kò sọ ẹni tí yóò pinnu ibi tí ó yẹ, kò sọ èdè tí a ó fi sọ ọ́, kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́. Ìrònú yìí ti ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ wá, níbi tí òfin ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1870 ti sọ pé òfin tuntun á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìgbèríko lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko tí ìwé ìròyìn ìjọba bá ti dé olú-ìlú agbègbè. Ó lè bọ́gbọ́n mu níbi tí olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ti lè ka ìwé náà fún aládùúgbò wọn, ṣùgbọ́n ní Atakpamé, ìwé tí ó dé ọ́fíìsì kòmándà, ìyẹn òyìnbó tí ó ń ṣàkóso agbègbè, dé ọ́fíìsì nìkan ni.

Láti ọ́fíìsì yẹn, ọ̀rọ̀ tí ìjọba bá fẹ́ kí ó dé ìlú á bọ́ sẹ́nu ògbufọ̀, á ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olóyè kántọ́ọ̀nù, ìyẹn olórí àkójọpọ̀ abúlé, á dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kí akéde tó lu agogo tí wọ́n ń pè ní gọ̀ngọ̀n ní Togo. Olóyè ní èrè nínú owó orí, nítorí pé a máa ń yọ ìdá díẹ̀ fún un nínú ohun tí ó bá kó jọ, ó sì mọ̀ pé ìyà ń bẹ bí kò bá pé. Ìdí nìyí tí gọ̀ngọ̀n fi ń dún kíákíá nígbà owó orí àti nígbà iṣẹ́ ọ̀nà. Kò sí èrè kankan fún un nínú kíkéde ohun tí ará ìlú lè fi bá ìjọba ṣe àríyànjiyàn, kò sì sí ìyà bí ó bá dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó fi èyí hàn jù. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí Faransé ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1906 ni wọ́n mú wọ Togo lẹ́yìn tí mándà bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí lórí ilẹ̀ á kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀, ọ́fíìsì náà á sì tẹ ìkéde jáde nínú Journal Officiel. Ìkéde náà kì í gùn: orúkọ ẹni tí ó bèèrè, ìlú tí ilẹ̀ wà, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ohun tí ó bá a pààlà ní àríwá, ní gúúsù, ní ìlà-oòrùn àti ní ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbólóhùn tí kò yí padà láti ìkéde dé ìkéde, tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn lè ta kò ó láàárín oṣù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá lẹ ìkéde náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́ ní Lomé. Bí oṣù mẹ́ta náà bá kọjá láìsí àtakò, tí ìwé-ẹ̀rí sì jáde, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ ẹbí tí wọ́n bá gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè béèrè owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti lọ.

Ilẹ̀ láàárín àwọn Ifẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí ni ó ń pín oko, ẹni tí ó jókòó ti ààlà ni ó sì mọ ààlà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Djama tàbí ní abúlé kan lẹ́yìn Agbonou wà ní ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 150 lọ sí ògiri tí ọjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ẹ̀dà ìkéde bá tilẹ̀ wà lára ògiri kòmándà ní Atakpamé, èdè Faransé ni, kò sì sí ohun tí ó sọ fún ẹni tí ń kọjá lọ sóko pé orúkọ odò tí ó wà nínú rẹ̀ ni odò ẹ̀yìn oko rẹ̀. Ìkéde yìí dìídì pe ará ìlú pé kí ó wá fèsì, òun gan-an sì ni òfin kò bèèrè pé kí akéde fi gọ̀ngọ̀n pariwo rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sun Geneva kò yàtọ̀. Láti ọdún 1923, ará ilẹ̀ mándà lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìlànà ní kí ìwé náà gba ọwọ́ ìjọba tí wọ́n ń fi sùn kọjá. Àwọn tí ó mọ̀wé ní Lomé, tí Octaviano Olympio ti ṣíwájú wọn kí mándà tó bẹ̀rẹ̀ láti fi ìwé kọ̀ pé kí a má fi Togo lé Faransé lọ́wọ́, mọ bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dé òkè Atakpamé ní ọdún 1923 kan náà ni indigénat, òfin tí ó fún kòmándà lágbára láti fi ẹni tí kò sanwó orí tàbí tí kò dáhùn ìpè sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé ẹjọ́, tí kò sì parẹ́ títí di ọdún 1946.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí ìjọba tí ó lè tẹ ìwé ní gbogbo èdè ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá láti ọdún 1859, odindi Bíbélì sì ti wà ní Yorùbá kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní Togo fúnra rẹ̀, àwọn ajíhìnrere Bremen ń tẹ ìwé ní Ewe. Ẹni tí ó ń wá ọkàn ènìyàn rí owó àti àkókò láti kọ èdè wọn. Ẹni tí ó ń wá owó orí rí i pé gọ̀ngọ̀n ti tó òun.

Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ṣùgbọ́n ètò ìkéde yìí kò lọ. Faransé ni Journal Officiel ilẹ̀ náà ń sọ títí di òní. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 mú Ewe àti Kabiyè wọ ilé-ìwé, kò mú Ifẹ̀ wọ̀ ọ́. Òfin ilẹ̀ tuntun ti oṣù kẹfà ọdún 2018 pàápàá, tí ó kan oko gbogbo ẹbí ní agbègbè Ogou tí Atakpamé wà, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Àtúnṣe ètò ìkéde yìí kò nílò ilé ìtẹ̀wé tuntun. Kí òfin sọ pé ìkéde lórí ilẹ̀ kan kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ títí tí akéde yóò fi kà á ní èdè ibi tí ilẹ̀ náà wà, ní ọjọ́ ọjà, lójú olórí ẹbí àwọn tí ó bá a pààlà, kí àwọn náà sì tẹ̀ka sí ìwé pé àwọn gbọ́. Kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó ń bèèrè ilẹ̀ ni yóò san owó akéde.