Okùn Gìtá Tó Ń Kùn Láìsí Ìka Lórí Rẹ̀

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ gìtá oníná ni a fẹ́ bá yín sọ, èyí tó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ wa, tó sì wà nínú ilé àwọn ẹlòmíràn nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa ni a fi mú èyí wá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, tó kọ́ àwa fúnra wa lọ́gbọ́n.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nígbà náà. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, òun ló sì ń ta gìtá fún wa. Ṣàdédé ni okùn kẹta gìtá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin tó há sínú agolo. Bí orin bá ti rọlẹ̀, kíkùn yìí ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Ọ̀gá akọrin ní ọmọ náà kì í tẹ okùn dáadáa. Àwọn àgbà ìjọ ní kò fara balẹ̀ kọ́ ọ. Àwa gan-an, a kò ní purọ́, a bá a wí níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí ó lọ gé èékánná rẹ̀, kí ó sì máa múra sílẹ̀ kí ó tó wá. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i mọ́ níbi ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ló wá bá wa nílé. Ó ní: "Bàbá, ọmọ yín ní òun ò ta gìtá mọ́ o. Ó ní gbogbo yín lẹ ti dá òun lẹ́bi."

A ránṣẹ́ pè é. Ó dọ̀bálẹ̀, a ní kí ó dìde, kí ó gbé gìtá náà kí a jọ gbọ́ ọ. Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní: "Ẹ wò ó, sà, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn kẹta, okùn kùn. Ó wá tẹ okùn náà ní ojú kìn-ín-ní, ó ta á, ó dún kedere. Ó tẹ ojú kejì, ó tẹ ìkẹta, títí dé ìkejìlá, kedere ni gbogbo rẹ̀ ń dún. Ojú tì wá. Okùn tí kò sí ìka kankan lórí rẹ̀ ló ń kùn. Báwo ni ẹ̀bi náà ṣe wá di ti ìka? Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Okùn tí a kò tẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárín ibi méjì péré. Ibi kìn-ín-ní wà lókè, nítòsí orí gìtá: egungun tàbí rọ́bà líle kékeré kan ni, tí wọ́n ya ojú mẹ́fà sí lára kí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè jókòó sínú rẹ̀. Àwọn onígìtá ń pè é ní nut. Ibi kejì wà nísàlẹ̀, lórí ikùn gìtá, níbi irin kékeré tí okùn gùn, tí wọ́n ń pè ní saddle. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni wọ́n ń pè ní fret. Nígbà tí a bá fi ìka tẹ okùn, fret tí okùn fara tì ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nut. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí okùn bá ń kùn nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tó ń dún kedere níbi gbogbo tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, nut ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ojú tí okùn jókòó sí nínú rẹ̀ ti jìn jù tàbí ó ti fẹ̀ jù, okùn náà sì ń fara gbá fret kìn-ín-ní bó ti ń gbọ̀n.

Ìró tó ń ha bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹwà níbi tí a bá ti fẹ́ ẹ. Ẹ wo ṣaworo tí àwọn onílù wa so mọ́ ìyáàlù. Onílù ló dìídì so ó mọ́ ọn, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣaworo tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ gìtá, àbùkù ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ.

Èkínní, ẹ yí gbogbo okùn dé ohùn tó yẹ kí ó wà. Okùn tí a dẹ̀ ju bó ti yẹ lọ yóò máa fì kiri, yóò sì máa gbá irin. Bí okùn bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná.

Èkejì, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára gìtá, kí ẹ sì ta á bẹ́ẹ̀. Bí kíkùn náà bá ṣì wà, ara gìtá ni ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè nìkan ni ẹ ti ń gbọ́ ọ, tó ń hó láìdáwọ́ dúró bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ta okùn, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ọ̀ràn iná ni. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa wáyà. Ẹ tún mọ̀ pé bí kíkùn bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ọ rárá láti inú ẹ̀rọ, ẹ lè fi í sílẹ̀, nítorí inú ẹ̀rọ ni ìjọ ti ń gbọ́ gìtá oníná.

Ẹ̀kẹta, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ojú kìn-ín-ní títí dé ojú kejìlá. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a kò tẹ okùn nìkan ni ó ń kùn, nut ni. Bí ó bá tún ń kùn ní ojú kìn-ín-ní títí dé bí ìkarùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ọrùn gìtá ti tọ́ jù tàbí kí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá ń kùn káàkiri, pàápàá lápá ìsàlẹ̀ ọrùn, ó lè jẹ́ pé saddle ti wálẹ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ okùn tó ń kùn náà mọ́ fret kẹta, kí ẹ sì wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret kìn-ín-ní. Ó yẹ kí àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré bí ìnípọn bébà. Ẹ fi ìka kan okùn náà lórí fret kìn-ín-ní. Bó bá ṣì ní àyè láti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó dára. Bó bá ti sùn lé fret náà pátápátá, ojú nut ti jìn jù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dẹ okùn náà díẹ̀, kí ẹ ki bébà kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀ nínú ojú nut, kí ẹ tún un yí, kí ẹ sì ta á. Bí kíkùn bá dáwọ́ dúró, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Bí a ti ṣe é fún gìtá ọmọ yẹn nìyẹn. Okùn kẹta sùn lé fret kìn-ín-ní pẹrẹsẹ; a ki bébà sí i, kíkùn dákẹ́. A wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọ̀ràn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn tí a bá gìtá náà lọ́wọ́ wọn máa ń lo okùn tó nípọn, tí okùn kẹta rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi wáyà wé, ìnípọn rẹ̀ sì jẹ́ 0.024 íǹṣì. Nígbà tí ó já, wọ́n ra okùn fífúyẹ́ tuntun, okùn kẹta ti ìyẹn kò sì ju 0.017 íǹṣì lọ, kò ní wáyà wíwé lára. Okùn tó nípọn ti rẹ́ ojú nut fẹ̀, ó sì ti mú kí ó jìn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀, ó rì. Kò sí ẹ̀bi kankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ.

Àtúnṣe ńkọ́? Bébà tí a ki sábẹ́ okùn lè gbà yín là fún ìsìn kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí okùn dún dùgùdùgù díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbó. Èyí tó lágbára jù ú lọ ni pé kí a fi ìyẹ̀fun baking soda díẹ̀ kún ojú nut náà, kí a sì kán super glue sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò le bí òkúta. Ẹ fi téèpù bo ara gìtá kí ó má baà ta sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ojú tàbí ìka yín, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún imú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ìnípọn okùn mu tún ojú náà là díẹ̀díẹ̀. Kí ojú náà dagun lọ sí ìhà orí gìtá, kí ó lè jẹ́ pé etí iwájú, ní ìhà fret kìn-ín-ní, ni okùn ti ń gbéra. Bó bá jẹ́ etí ẹ̀yìn ni ó ti gbéra, yóò máa kùn síbẹ̀. Ẹ máa dá okùn padà, kí ẹ máa wò ó, nítorí a lè tún gé e sí i, ṣùgbọ́n a kò lè dá ohun tí a ti gé padà.

Èyí tó dára jù lọ ni kí a pààrọ̀ nut náà. Egungun màlúù gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa fi ń ṣe é. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì jókòó tì í kí ẹ lè kọ́ ọ.

Àṣìṣe méjì ni a fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni kí a máa gbé saddle sókè nígbà tó jẹ́ pé nut ló bàjẹ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìdí okùn ni saddle ń gbé sókè. Díẹ̀ kíún ló lè kan apá fret kìn-ín-ní, gìtá yóò sì kàn le láti tẹ̀ fún ọmọ ni.

Èkejì ni kí a máa fi agbára yí irin inú ọrùn gìtá, tí wọ́n ń pè ní truss rod. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Thaddeus McHugh, òṣìṣẹ́ Gibson, ni ó gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ tó ṣeé yí ní ọdún 1923, ó sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni. Láti mọ̀ bóyá ọrùn ló fa ọ̀ràn, ẹ tẹ okùn kan mọ́ fret kìn-ín-ní, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó kẹ́yìn, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà ní nǹkan bí fret keje. Ìwọ̀n 0.25 mìlímítà dára fún ọ̀pọ̀ gìtá. Feeler gauge tí àwọn mẹkáníìkì ń lò lè bá yín wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ dẹ irin náà sí apá òsì, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lọ. Ẹ tún okùn yí, kí ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, àní lọ́jọ́ kejì pàápàá, nítorí igi kì í tètè gbọ́ràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnì kan tó ń tún gìtá ṣe ti sọ fún ìjọ wa pé ọrùn gìtá yẹn ti tẹ̀, kí a lọ ra òmíràn. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ọrùn náà kò ní àbùkù.

Nígbà mìíràn, ẹ lè tún nut ṣe tán kí kíkùn máà lọ. Ẹ fi ìka kan okùn ní ẹ̀yìn nut, láàárín nut àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí i. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ni ó ti ń wá. Ẹ wo bóyá nọ́ọ̀tì kọ́kọ́rọ́ náà ti tú. Ẹ wò ó bóyá okùn yí ká kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí bí kò bá tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn nut, kò ní jókòó. Ẹ tún fi igi kékeré tẹ fret kìn-ín-ní. Bó bá ń mì, ó ti gbéra kúrò nínú igi nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun ni okùn ń gbá.

Ní ọjọ́ ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, a dìde níwájú ẹgbẹ́ akọrin, níbi tí a ti bá ọmọ náà wí, a sì sọ fún wọn pé àwa ni a ṣì í dá lẹ́jọ́. Ọ̀gá akọrin náà bẹ̀ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní: "Ẹ ṣeun, sà," ó gbé gìtá, ó sì ta okùn kẹta láìtẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí ó dún títí tó fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé gìtá ló ń ṣe é, kì í ṣe òun, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, kí ó ta okùn náà kí ẹ gbọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.